Òkúta Gbígbóná Láti Erékùṣù Eléérú

Ẹ sún mọ́bí, kí èéfín ẹran yìí máa lọ sójú ẹni tó bá ń ṣiyèméjì. Ẹran ò tíì jinná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi ti jinná láti àná. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní irọ́ pọ̀ lẹ́nu mi, mo gbọ́ yín. Èmi ò kàwé, n ò mọ a yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pa ẹkùn mẹ́ta kó tó hu irùngbọ̀n, kí ló tún fẹ́ fi irọ́ ṣe? Irọ́ ló ń wá mi kiri. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ bi àwọn ẹkùn náà.

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́rìndé ni mo fẹ́ sọ, bàbá tó bí ìyá mi. Ọkùnrin yẹn mọ inú bí. Bó bá ti ń bínú, àwọn obìnrin ilé á gbé omi ẹ̀kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi á hó láìsí igi. Adìẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ á ti di sísun kó tó dé ìdí ògiri. Ẹ má wò mí báyẹn. Mo jẹ nínú adìẹ náà.

Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i kì í ṣe inú lásán. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Lápàdé. Àwọn méjèèjì ni Àwẹ̀ró opó bí nílùú wa Ìdóọdẹ yìí, bàbá wọn sì ti kú kí wọ́n tó gbọ́njú. Lápàdé ló tọ́ Ọdẹ́rìndé, òun ló kọ́ ọ ní ìbọn. Ọdẹ ni Lápàdé. Bó bá yọ sígbó láàárọ̀, ìgalà á ti máa dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ogun ńlá dé nígbà náà, ogun tí òyìnbó ń bá òyìnbó jà, tí wọ́n jà títí ilẹ̀ wọn ò fi gbà wọ́n mọ́, tí wọ́n wá gbé e lọ bá ẹlòmíràn nínú òkun tirẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ọdẹ kan wá tó mọ ìbọn yìn. Ògúnṣínà ni Olúọdẹ wa, olórí gbogbo ọdẹ. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ilé rẹ̀ ló kàn. Ó ní ọmọkùnrin mẹ́ta tí apá wọn le, tí ojú wọn dá ṣáká. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àká àgbàdo, ó ní ibà ń ṣe wọ́n. Ó wá nawọ́ sí ilé opó. Ibi tí ògiri ò ti ga ni gbogbo ewúrẹ́ ń bẹ́ gbà.

Lápàdé dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ má sunkún mi o, àfi tẹ́nìkan bá sọ fún yín pé òun fojú òun rí òkú mi." Àwẹ̀ró gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé òkúta mì. Lápàdé lọ.

Ogun parí. Àwọn tó lọ láti ìlú mìíràn ń bọ̀, Lápàdé ò bọ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Àwẹ̀ró ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Olúọdẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Ògúnṣínà, ọmọ mi dà?" Kò ní bú u, kò ní jókòó, á bi í tán, á yí padà. Ọ̀rọ̀ yìí sú Ògúnṣínà. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe máa gbàgbé bí ẹni tó ń kó o bá ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ọjà gbogbo. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé lọ sí ahéré ọ̀nà jíjìn, Olúọdẹ kó àwọn ọdẹ jọ, wọ́n ṣe ìpà fún Lápàdé.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́ kó yé yín. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ lọ sí oríta inú igbó, wọ́n á fi kọ́ orí igi bí ẹni pé èèyàn ló dúró. Wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, orin arò ọdẹ, wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á sọ fún un pé àjọdẹ ti parí láàárín àwọn àti òun, kó máa lọ, kó má bojú wẹ̀yìn. Ohun rere ni. Òun ló ń jẹ́ kí òkú ọdẹ sinmi, kí alààyè ráàyè dẹgbó. Ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n ń ṣe é fún. Ta ló rí òkú Lápàdé? Ògúnṣínà fẹ́ kí obìnrin kan dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó bá pa ọmọ obìnrin náà sínú orin.

Ọdẹ́rìndé dé, ó bá ẹ̀wù lórí igi. Ẹ̀wù ìpà sì rèé, èèwọ̀ ni, ẹnìkan kì í ká a. Ó fìbínú gbé oúnjẹ dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló lè ṣe? Ọdún ń gorí ọdún. Irùngbọ̀n rẹ̀ hù, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Àwẹ̀ró gbó títí, ikú ò mú un, ẹkún ò sì gbọ̀n án. Ẹ̀wù yẹn ò jẹrà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Kò jó, kò kú, ó kàn ń rú èéfín, tó bá sì rú u, gbogbo oríta á máa rùn bí iyọ̀ òkun.

Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún Àwẹ̀ró nípa èéfín yìí ló ti oúnjẹ sẹ́yìn. Ó pe Ọdẹ́rìndé.

"Ẹnu mi ti rẹ̀, mi ò lè bi ilẹ̀kùn léèrè mọ́. Lọ bá mi wá ẹ̀gbọ́n rẹ. Bó bá ti kú, kí n sunkún mi kí n máa lọ. Bó bá wà, kí n gbé ọbẹ̀ kaná. Èwo nínú méjèèjì ni mo máa ṣe, òun ni kí o wá sọ fún mi. N ò ní jẹun títí o ó fi dé."

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó gba oríta lọ, ó sì ká ẹ̀wù náà lórí igi. Ògúnṣínà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà, wọ́n sáré lọ pè é. Ó wá tọ̀pátọ̀pá.

Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, a kì í ká ẹ̀wù ìpà."

Ọdẹ́rìndé ní, "A kì í ṣe ìpà alààyè, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ jẹ èèwọ̀ àkọ́kọ́. Èyí tí mo jẹ yìí, ẹ kà á sí èérún rẹ̀."

Ó wọgbó.

Bó ṣe rìn jìnnà tó, ẹ má bi mí, ẹni tínú ń bí kì í mọ ibi tó gbà. Ó ṣáà ya Igbó Afẹ̀yìnrìn, níbi tí àwọn igi ti ń fà sẹ́yìn bí èèyàn bá ń sún mọ́ wọn, tí ẹyẹ sì ń kọrin láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín igbó yìí ni iwin kan jókòó sí, ẹnu rẹ̀ wà ní orúnkún. Bó bá ń rìn, orúnkún á máa já koríko jẹ. Bó bá kúnlẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi kí ẹnikẹ́ni rí.

Ẹlẹ́nu-Orúnkún dínà. Ó ní kò sẹ́ni tó ń kọjá láìjá àlọ́ òun. Ọdẹ́rìndé ní kó pa á kíá, òun ò wá ṣeré.

"Kí ni à ń bí láìlóyún," iwin náà bi í, "tó ń sanra láìjẹun, tó jẹ́ pé ilé ẹni tó bá gbé e sọ̀ ló ń jó?"

"Ìbínú ni."

"O mọ̀ ọ́n. Ojú ò ní í ṣàìdá ohun tí ẹ̀yìn ń pọ̀n mọ̀. Ti ta ni èyí tí o pọ̀n yẹn?"

"Tèmi ni. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Orúnkún iwin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, gbogbo itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Tìẹ kọ́. O kàn ń bá ẹnìkan gbé e ni. Ṣọ́ra o, ọmọ Àwẹ̀ró. Ẹni tó ru ẹrù tí kò mọ ẹni tó ni ín, oko aláìṣẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ sí."

Ọdẹ́rìndé pòṣé, ó kọjá. Ká ní èmi ni, mi ò bá ti fún orúnkún yẹn níṣu gbígbóná jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, kò sì jáde mọ́.

Ó dé etí òkun. Ọkọ̀ onírin kan ló bá níbẹ̀, ọkọ̀ ogun, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ihò. Àwọn ẹja ń gba apá ọ̀tún wọlé, wọ́n ń gba apá òsì jáde, wọ́n sì ń kí ọ̀gá ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Irùngbọ̀n ọ̀gá ọkọ̀ jẹ́ koríko odò, igbín òkun kan sì ń sùn ní etí rẹ̀. Ọkọ̀ yìí ti rì láti ìgbà ogun. Ohun tó jẹ́ kó ṣì léfòó ni pé kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un.

Ọ̀gá ọkọ̀ ní òun ń lọ sí Erékùṣù Eléérú, ibi tí wọ́n kó ọdẹ ilẹ̀ dúdú lọ. Òfin kan ló wà nínú ọkọ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó bá rí nípa ihò. Ọdẹ́rìndé wọlé. Láàárín agbami, ẹja kan ń kọjá, ó já ẹran gbígbẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún padà wá, ó ní ata rẹ̀ kéré. Inú bí Ọdẹ́rìndé. Ó ní, "Irú ọkọ̀ wo rèé? Ọkọ̀ tó ti r..."

Òkun dé ọrùn rẹ̀ kó tó pa ẹnu dé. Irin ń ké, ọ̀gá ọkọ̀ ń wò ó pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ bi èèyàn ní nǹkan, tí ẹ̀rù ìdáhùn sì ń bà. Ọdẹ́rìndé gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì, ó ní, "...tó ti rẹwà jù." Omi fà sẹ́yìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó gbé ìbínú mì láyé rẹ̀ nìyẹn, ó ní ó korò ju ewúro lọ.

Wọ́n gúnlẹ̀ sí Erékùṣù Eléérú. Ẹ̀yin ará mi, òkè tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irú òkè tiwa tó ń jókòó jẹ́ẹ́. Òkè ibẹ̀ ń mu tábà. Orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, iná wà nínú rẹ̀, eérú ń rọ̀ lójú ọ̀run bí èlùbọ́ tó ń bọ́ lára asẹ́. Ewé àgbọn funfun, ajá funfun, ọmọ tó ń sunkún á tu eérú. Etí òkun ń hó. Bí wọ́n bá ju iṣu sínú omi etíkun, wọ́n á fi agbọ̀n yọ ọ́ ní jíjinná. Gbogbo ibi tí o bá yíjú sí, ohun ogun ló wà. Imú bàálù kán mọ́ inú igi àgbọn. Ọkọ̀ ogun onírin tó ń rìn lórí ilẹ̀ jókòó sínú oko, igi sì ti hù gba inú rẹ̀ jáde, ó gbé ìbọn ńlá rẹ̀ dání bí ọmọ tó gbé igi ìdáná.

Obìnrin kan ń kọ ebè láàárín irin wọ̀nyí. Maléà lorúkọ rẹ̀, òun ló ni ilẹ̀ náà, ìyá ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Bó ṣe rí Ọdẹ́rìndé pẹ̀lú ìbọn, ó ju ọkọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èdè tí wọ́n fi gbọ́ ara wọn, ìbínú ò nílò ògbufọ̀.

Maléà ní, "Ìhà wo ni tìẹ nínú àwọn méjèèjì?"

Ọdẹ́rìndé ní òun ò sí níhà kankan, ẹ̀gbọ́n òun lòun ń wá.

"Gbogbo wọn ló ń wá nǹkan. Àwọn kan ti ìwọ̀-oòrùn wá, àwọn kan ti ìlà-oòrùn wá, wọ́n ní ìjà ń bẹ láàárín àwọn. Kí ló dé tí wọn ò jà á nílé bàbá wọn? Orí ebè mi ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n gbẹ́ inú òkè mi bí òkété, wọ́n fi irin gbin ilẹ̀ mi. Nígbà tí wọ́n jà tán, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ. Èmi tí wọ́n jà lórí mi, ẹnìkan ò kí mi pé ẹ kú ewu. Ìwọ náà wá wá tìẹ. Ta ló máa wá tèmi wá?"

Ọdẹ́rìndé fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Ó lanu báyìí, ilẹ̀ mì. Òkè bú, ó tu iná, ìlàjì oko Maléà sì di eérú lójú wọn. Obìnrin náà ò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, "Ṣé o rí i? Òkè yẹn ti jẹ ìbínú àwọn àjèjì yó. Bí o bá bínú nísàlẹ̀, ó ń dáhùn lókè, èmi ni mo sì ń kọ ebè míì."

Ojú ti Ọdẹ́rìndé. Oko aláìṣẹ̀ tí iwin wí rèé. Kò rántí tọrọ gáfárà, kò mọ̀ ọ́n tọrọ. Ó kàn gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú irin nínú oko. Ó hú u pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú eyín. Ọkọ̀ ogun tó tóbi ju ilé ọba lọ, ó fi ejìká tì í sínú òkun, àwọn ẹja àgbà sì dìde dúró. Irọ́? Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó lọ wò ó bóyá ó ṣì wà nínú oko.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tónítóní, Maléà wa iyanrìn gbígbóná ní ẹsẹ̀ òkè, ó yọ ẹyin ńlá kan jáde, ó fún un jẹ. Ó ní ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí kì í sàba, tó jẹ́ pé ìdí òkè oníná ló ń ri ẹyin rẹ̀ sí, ooru á bá a pa á.

Ó ní, "Òkè kan náà tó ń jó wa ló ń bá ẹyẹ sàba. Kì í ṣe iná ló burú, ibi tí wọ́n gbé e sí ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú ihò abẹ́ òkè. Ó ń ṣọ́ ẹnìkan, ẹnìkan sì ń ṣọ́ ọ. Bí o bá ń lọ, mú ohun gbogbo tó bá jẹ́ tiyín lọ pẹ̀lú rẹ. Má fi nǹkankan sílẹ̀ fún mi."

Ọdẹ́rìndé wọ ihò náà. Ihò tí sójà gbẹ́ ni, ó lọ bí ìfun ejò, ògiri rẹ̀ ń làágùn. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti rí sójà méjì tí wọ́n na ìbọn síra wọn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìlà-oòrùn, èkejì sì ni Lápàdé. Lápàdé bó ṣe lọ gan-an, irun dúdú, eyín pé, ọmọ ọkùnrin tí ìyàwó ò tíì fọṣọ fún.

Lápàdé ní, "Baba, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má kọjá ìbọn."

Bí irùngbọ̀n Ọdẹ́rìndé ṣe funfun tó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àtijọ́."

"Baba, ẹ dìde, ẹ má fi ọjọ́ orí mi ṣòfò. Mi ò tó ọmọ tẹ́ ẹ bí."

"Ọdẹ́rìndé ni."

Lápàdé wò ó títí. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé tí mo ń ru léjìká kọjá odò?" Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ti gba ipò ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ó wá sọ bó ṣe jẹ́. Ọjọ́ tí òkè wó lù wọ́n, òun ò kú. Òun yọ ara òun, òun kọjú sílé. Ọdẹ kì í ṣìnà ilé, òun ti rìn kọjá abẹ́ òkun, òun ti ń gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá àwọn, ẹsẹ̀ òun kan ti wọ igbó Ìdóọdẹ. Ibẹ̀ lòun ti gbọ́ ìrèmọ̀jé. Òun ń fojú wá ẹni tó kú, òun fẹ́ bá wọn gbè é, àfi bí òun ṣe gbọ́ orúkọ ara òun nínú rẹ̀.

"Wọ́n ní àjọdẹ ti parí láàárín èmi àti àwọn, kí n máa lọ, kí n má bojú wẹ̀yìn. Ọ̀nà ká kúrò lẹ́sẹ̀ mi bí ẹní. Ibi tí mo ti máa dé ni mo ti padà bá ara mi níbí. N kò kú, n kò sì lè bọ̀. Èyí tó dúró níwájú mi yìí náà, ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n ṣe fún un nílé tirẹ̀. A ti ṣọ́ ara wa débi tí mo fi mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ta ló sun ìrèmọ̀jé yẹn? Ohùn yẹn jọ ohùn tí mo mọ̀."

"Ògúnṣínà ni."

Òkè ké. Òkúta ń já lókè orí wọn, Ọdẹ́rìndé sì gbọ́ lọ́kàn rẹ̀ bí ọkọ́ obìnrin kan ṣe ń bọ́ sílẹ̀ lókè. Ó ká ahọ́n rẹ̀ sábẹ́ eyín, ó tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Òkè rọra dákẹ́.

Ó yọ ẹ̀wù ọdẹ Lápàdé nínú àpò. Èrò rẹ̀ ni pé, bí ẹ̀wù tí wọ́n bọ́ fún ìpà bá padà sọ́rùn ẹni tó ni ín, ìpà á tú, wọn á sì jọ máa lọ sílé. Ó gbé e lé e ní èjìká. Ibi tí aṣọ kàn lára Lápàdé ló hunjọ, ó di awọ arúgbó, ó fẹ́ di eérú. Ọdẹ́rìndé já a kúrò kíá.

Lápàdé wo èjìká ara rẹ̀. Ó ní, "Ó ti yé mi. Ogun yẹn ti parí, àbí?"

Ọdẹ́rìndé rántí ọkọ̀ onírin tó ń léfòó lójú òkun nítorí pé ẹnìkan ò sọ fún un.

"Àbúrò, mo bi ọ́ ní nǹkan."

"Bí n kò bá sọ ọ́, ẹ wà."

"Mo wà fún ta ni? Kí ni Màmá ní kí o wá ṣe?"

"Wọ́n ní bẹ́ ẹ bá ti kú, kí àwọn sunkún. Bẹ́ ẹ bá wà, kí àwọn gbé ọbẹ̀ kaná. Wọn ò jẹun mọ́."

Lápàdé mí kanlẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n má sunkún. Mo fi ọ̀rọ̀ dè wọ́n, Ògúnṣínà fi orin dè mí, ìwọ náà wá fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ so ó ní kókó kẹta. Ọdẹ́rìndé, inú ń bí mi ju bó ṣe ń bí ọ lọ. Mi ò rí ẹni jà. Tú mi sílẹ̀."

Bàbá tó bí ìyá mi, ẹni tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ogun ti parí, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti parí tipẹ́. Ẹ̀yin nìkan ni wọn ò sọ fún."

Ọmọ ìlà-oòrùn ló kọ́kọ́ sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀. Lápàdé sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn bí ẹni tó ti oko dé. Lápàdé wá kì ọwọ́ sábẹ́ egungun ìhà rẹ̀, ó fa òkúta kan jáde, ó pọ́n bí ẹyin iná.

Ó ní, "Ìbínú mi rèé. Òun ni òkè yìí ń jẹ látọjọ́ yìí. Kì í ṣe ti obìnrin tó ni oko lókè. Kì í ṣe tìẹ náà. Gbé e fún ẹni tó ni ín."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀wù náà, ó wọ̀ ọ́. Bó ṣe ń di arúgbó lójú àbúrò rẹ̀, bó ṣe ń di eérú, Ọdẹ́rìndé ń sun ìrèmọ̀jé fún un, ìpà tòótọ́, ìpà tí wọ́n ṣe níṣojú ẹni tó ni ín:

Lápàdé, ọmọ Àwẹ̀ró,
ọdẹ tí kò sọnù nígbó, ará ilé ló sọ ọ́ nù.
Bó o bá ń lọ, má yà lọ́dọ̀ ẹni tó rán ọ níṣẹ́ ikú,
ìyá rẹ ní kó o kọ́kọ́ wá tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ó fi àpò ọdẹ gbé òkúta náà. Nígbà tó jáde wá gbé ìbọn rẹ̀, òkè ò rú èéfín mọ́. Maléà ń kọ ebè, kò kí i pé ó dàbọ̀, ṣùgbọ́n ó ri ẹyin kan sínú àpò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, kó lè jinná lọ́nà.

Ọkọ̀ onírin gbé e padà. Bó ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá ọkọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yín ti rì. Ẹ lọ sinmi." Ọ̀gá ọkọ̀ ṣí fìlà, ó ní ó ti ń rẹ òun tipẹ́, òun kàn ń retí ẹni tó máa wí i ni. Ọkọ̀ náà rọra wọ omi lọ, ẹja ń tẹ̀ lé e.

Ọdẹ́rìndé wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ lójú ọ̀sán. Kò kí i, kò jókòó.

Ó ní, "Màmá, ẹ máa sunkún. Mo fojú mi rí i."

Àwẹ̀ró sunkún. Ẹ rí odò tí gbogbo wa ń pọn ní ẹ̀yìn ìlú yẹn, ṣé ẹ rò pé òjò ló kó o jọ síbẹ̀? Nígbà tó sun ún tán, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo. Ó wá dìde, ó ní kí Ọdẹ́rìndé gbé àpò yẹn, ọ̀nà kan kù tí òun fẹ́ rìn.

Gbogbo ọdẹ péjọ sí iwájú ilé Olúọdẹ. Ọdẹ́rìndé gbé òkúta náà sílẹ̀ sórí pèpéle tí Ògúnṣínà máa ń jókòó lé. Ó ní Lápàdé ní kí òun gbé e wá fún ẹni tó ni ín.

Ògúnṣínà ní òun ò jẹbi, ohun tí òun ṣe, nítorí ìlú ni.

Ọdẹ́rìndé ní, "Ẹ jókòó lé e, Bàbá, kí ẹ tún un sọ."

Olúọdẹ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn ọdẹ tí wọ́n bá a gbe orin yẹn lọ́jọ́sí, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó jókòó. Ó ní, "Nítorí ìlú..." Èéfín yọ ní ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ìlú ló ní..." Ṣòkòtò jó, ó dìde fùú. Ọdẹ́rìndé ò jágbe, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. Ó ní kó jókòó. Arúgbó tún jókòó, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, "Ilé mi ló kàn. Mo fi ọmọ mi pamọ́ sínú àká. Mo fi ọmọ ẹni tí kò lẹ́nìkan ránṣẹ́. Mo ṣe ìpà rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè dákẹ́."

Òkúta tutù lábẹ́ rẹ̀, ó tutù bí ìkòkò omi.

Ó bẹ Àwẹ̀ró pé kó dárí ji òun. Àwẹ̀ró wò ó bí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn tí kò ní kàn mọ́. Ó ní, "Àánú rẹ ò ṣe mí, Ògúnṣínà. Ṣùgbọ́n mo ti yó." Ó lọ sílé, ó sùn, kò jí mọ́. Ẹkún rẹ̀ ti tán, kí ló tún fẹ́ dúró ṣe?

Òkúta yẹn náà ló wà níwájú ilé ọdẹ títí dòní. Àwọn ọmọdé ń jókòó lé e, wọ́n ń jẹ ọsàn, ó tutù. Ìyàwó tuntun jókòó lé e, ó tutù. Èmi gan-an ti jókòó lé e, mo ń sọ nípa ẹkùn mẹ́ta yẹn, ó... ẹ jẹ́ ká sọ pé oòrùn mú lọ́jọ́ náà.

Níjọ́sí, àwọn kan gbé mọ́tò ńlá wá síbí, bàbá kan ló ṣáájú wọn, agbádá rẹ̀ fẹ̀ bí àgọ́. Ó ní ìjà kan ń bọ̀, kí Ìdóọdẹ kó àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ìbọn yìn lé òun lọ́wọ́, pé nítorí ìlú ni. A bi í pé ọmọ tiẹ̀ ńkọ́. Ó ní wọ́n wà lókè òkun, wọ́n ń kàwé. A ò bá a jiyàn. A fi omi tútù fún un, a fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Mo fi aṣọ nu òkúta náà fún un fúnra mi, mo ní kí Bàbá jókòó, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ wọn sọ látìbẹ̀rẹ̀.

Èéfín tínrín kan ti ń yọ lára òkúta kó tó dé ibẹ̀. Bàbá wo òkúta, ó wo agbádá ara rẹ̀. Ó ní kò burú, òun á kúkú dúró.

Kò tíì padà wá. Ẹ bá mi yí ẹran yẹn padà, apá kan ti ń jó.